Ìdí tí ooru kì í fi í tètè kúrò nígboro, àti bí àwọn onímọ̀ ṣe ń wá ọ̀nà tó ń gbà lọ

Lálẹ́ ọjọ́ tí oòrùn bá mú gan-an, ẹni tó bá gbé ọwọ́ lé ògiri búlọ́ọ̀kù ní agogo mẹ́sàn-án á rí i pé ó ṣì ń gbóná. Búlọ́ọ̀kù, kọnkéré àti ọ̀dà títì ti ń gba ooru mọ́ra látàárọ̀ bí ìkòkò amọ̀ orí ààrò. Ìgbà tílẹ̀ bá ṣú ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lóko, ojú ọ̀run ṣí sílẹ̀ gbayawu, ibẹ̀ ni ooru ilẹ̀ ń gbà lọ. Láàárín ilé gogoro méjì, ojú ọ̀run tó hàn kò ju ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, nítorí náà ooru tí ògiri kan bá tú sílẹ̀, ògiri kejì ló máa gbà á. Igi àti koríko tó ń fi omi ara wọn tu oko lára kò pọ̀ nígboro, bẹ́ẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀, mọ́tò àti ẹ̀rọ amúlétutù ń fi ooru tiwọn kún un.

Luke Howard, apòògùn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi òṣùwọ̀n fìdí èyí múlẹ̀. Fún ọdún púpọ̀ ló fi ń ka ìwọ̀n ooru ní ìgbèríko, tó ń fi í wé ti àárín ìlú. Nínú àkọsílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ jáde láti 1818, alẹ́ Lọ́ńdọ̀nù fi nǹkan bíi dígírí 3.7 Fahrenheit gbóná ju ti ìgbèríko lọ, ìyẹn bíi dígírí 2 Celsius. Ọ̀nà kan náà ni àwọn olùwádìí FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀, gbà ní Àkúrẹ́: ẹ̀rọ kan láàárín ìlú, èkejì ní pápákọ̀ òfuurufú. Alẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ìyàtọ̀ náà ti pọ̀ jù.

Òṣùwọ̀n ooru lè sọ pé ìlú gbóná, ṣùgbọ́n kò lè sọ ohun tó dá ooru náà dúró. Afẹ́fẹ́ ló yẹ kó wá gbé e lọ. Tim Oke, ní Yunifásítì British Columbia ní Kánádà, ṣàlàyé pé gíga ilé àti fífẹ̀ títì la gbọ́dọ̀ fi wéra. Bí títì bá fẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́ta gíga ilé lọ, afẹ́fẹ́ á ráyè sọ̀ kalẹ̀. Bí gíga ilé bá ti fẹ́ tó fífẹ̀ títì, afẹ́fẹ́ á máa fò kọjá lórí òrùlé, èyí tó wà nísàlẹ̀ á sì máa yí po lójú kan bí omi inú odù. Ká ní afẹ́fẹ́ òkè ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn, tó sì dábùú títì: yóò gba ara ògiri ìlà-oòrùn sọ̀ kalẹ̀, yóò wọ́ ilẹ̀ padà sí ìwọ̀-oòrùn, yóò sì kó èéfín mọ́tò dání. Ẹni tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀-oòrùn á máa fa èéfín símú ju ẹni tó wà ní òdìkejì lọ, bẹ́ẹ̀ títì kan náà ni wọ́n jọ wà.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Ní Guildford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Yunifásítì Surrey ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ afẹ́fẹ́ kan tó gùn ní mítà 20, tó fẹ̀ ní mítà 3.5, tó sì ga ní mítà 1.5. Fáànù ló ń mú afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀. Wọ́n lè to àdúgbò kan síbẹ̀ ní ìwọ̀n ìdá kan nínú 200, débi pé ilé tó ga ní mítà 20 á di sẹ̀ǹtímítà 10. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ fáànù tẹ́jú jù, kò jọ ti òde. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé àwọn pátákó ṣóńṣó síwájú, wọ́n á sì to àwọn nǹkan kéékèèké sílẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè máa kọsẹ̀, kó falẹ̀ nísàlẹ̀, kó yára lókè. Bí ìpalẹ̀mọ́ yìí kò bá péye, èsì tó bá tẹ̀ lé e kò ṣeé gbára lé. Dípò èéfín, gáàsì propane díẹ̀ ni wọ́n ń tú sílẹ̀; ọpá tíntìnrín á fa afẹ́fẹ́ díẹ̀ níbi tí wọ́n bá gbé e sí, iná kékeré inú ẹ̀rọ á sì sọ iye gáàsì tó wà nínú rẹ̀.

Ó tọ́ kéèyàn béèrè ìdí tí ilé sẹ̀ǹtímítà 10 fi lè sọ òtítọ́ nípa ilé mítà 20. Ní 1883, Osborne Reynolds ní Manchester da aró sínú omi tó ń ṣàn nínú páìpù gíláàsì. Bí omi bá rọra ń ṣàn, aró á nà tààrà bí òwú. Bó bá yára kọjá ààlà kan, aró á dàrú, á pò mọ́ omi. Eré nìkan kọ́ ló ń pinnu ààlà yẹn: fífẹ̀ páìpù àti bí omi ṣe ki tó wà nínú ìṣirò. Afẹ́fẹ́ ìlú ti kọjá irú ààlà bẹ́ẹ̀ jìnnà, ti inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà sì kọjá rẹ̀, ìdí nìyí tí àwọn méjèèjì fi ń dàrú lọ́nà kan náà. Bí igun ilé bá sì mú, igun yẹn náà ni afẹ́fẹ́ á ti máa já kúrò lára ògiri, ì báà jẹ́ ilé ńlá tàbí kékeré.

Síbẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ lọ wò ó lójú títì. Láti 2003, àwọn yunifásítì tó pawọ́ pọ̀ ṣe iṣẹ́ ìwádìí kan tí wọ́n pè ní DAPPLE ní Lọ́ńdọ̀nù tú gáàsì tí kò léwu sílẹ̀ nítòsí oríta Marylebone Road àti Gloucester Place, wọ́n sì fi àpò gba afẹ́fẹ́ káàkiri àdúgbò. Oríta ni wọ́n ní ká fojú sí: ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń pín yà, bí ti òkè bá sì yí díẹ̀, òpópónà mìíràn ni gáàsì á gbà.

Ní Cambridge, níbi tí Paul Linden ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, omi iyọ̀ ni wọ́n fi ń dúró fún ooru. Wọ́n á ri ilé oníke kékeré sínú omi lórí-kodò, wọ́n á sì máa tú omi iyọ̀ aláró sínú rẹ̀. Omi iyọ̀ wúwo, yóò máa rì; bí wọ́n bá dorí fídíò tí wọ́n yà nípa rẹ̀ kodò, rírì ti di gígòkè, gẹ́lẹ́ bí afẹ́fẹ́ gbígbóná ṣe ń gba fèrèsé òkè jáde. Ọgbọ́n tó wúni lórí ni, nítorí iyọ̀ kì í jò gba ara ògiri bí ooru ṣe ń jò.

Iṣẹ́ ìwádìí mìíràn tó ń jẹ́ MAGIC, tí Cambridge, Surrey àti Imperial College jọ ṣe, kó omi, ọ̀dẹ̀dẹ̀ afẹ́fẹ́ àti kọ̀ǹpútà pọ̀ lórí àdúgbò kan ní Southwark ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí. Wọ́n ń wá bí ilé ṣe lè fi fèrèsé tu ara rẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù ń da ooru yàrá sí títì, títì á gbóná sí i, aládùúgbò náà á tan tiẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá ṣí fèrèsé lè gba èéfín wọlé. Fèrèsé tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé lè gba afẹ́fẹ́ tó mọ́ ju èyí tó kọjú sí títì lọ.

Stuttgart ní Jámánì wà nínú kòtò láàárín òkè, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò sì lágbára. Láti 1938 ni ìjọba ìlú náà ti gba onímọ̀ ojú ọjọ́ síṣẹ́. Lálẹ́, afẹ́fẹ́ tútù máa ń ṣàn láti orí òkè wọ ìlú bí omi. Àwọn àfonífojì tó ń gbà kọjá wà nínú àwòrán ilẹ̀ tí àwọn tó ń gbèrò ìlú ń lò, wọ́n sì ń dín ilé kíkọ́ kù níbẹ̀.