Bí wọ́n ṣe hú ààtàn olóró Kölliken

Wọ́n ní ààtàn kì í kọ ẹ̀gbin, ṣùgbọ́n ẹ̀gbin tí wọ́n kó sí Kölliken ju èyí tí ilẹ̀ lè gbé mì lọ. Ìlú kékeré ni, ní ìpínlẹ̀ Aargau lórílẹ̀-èdè Switzerland. Kòtò tí ilé iṣẹ́ bíríkì ti ń wa amọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sọ di ààtàn ní 1978, torí wọ́n gbà pé amọ̀ kì í jẹ́ kí omi kọjá. Láàárín ọdún méje, nǹkan bíi 475,000 tọ́ọ̀nù ti wọ inú rẹ̀: pàǹtí ilé iṣẹ́ kẹ́míkà, eérú ibi tí wọ́n ti ń sun ìdọ̀tí, àti ọ̀kẹ́ àìmọye dúrọ́ọ̀mù. Nígbà tí òórùn rẹ̀ kò jẹ́ kí ará ìlú gbádùn mọ́, ìgbìmọ̀ ìlú tì í pa ní 1985.

Amọ̀ nìkan kọ́ ló wà nísàlẹ̀ kòtò náà. Òkúta yanrìn tó sán wà láàárín rẹ̀, omi sì ń gba ibẹ̀ kọjá. Òjò tó bá rọ̀ sórí ìdọ̀tí á di omi olóró, á sì máa wọ́ lọ sínú omi abẹ́ ilẹ̀. Ìdí nìyí tí wọn kò fi fi híhú bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́ ọ̀wọ́ kànga sí apá gúúsù tí omi ń ṣàn gbà lọ, wọ́n ń fa omi náà kó tó kọjá, wọ́n sì ń fọ̀ ọ́ mọ́ nínú ilé ìfọmi ẹ̀gbẹ́ ààtàn. Ọ̀nà yìí kàn ń dá oró dúró ni. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá kọṣẹ́, oró tún gbéra, owó rẹ̀ kò sì lópin. Owó híhú pọ̀ gan-an (gbogbo iṣẹ́ náà ná wọn tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 900 fráǹkì), síbẹ̀ òun ló lópin.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í hú u níparí 2007. Afẹ́fẹ́ ló le jù nínú iṣẹ́ yìí. Bí katapílà bá ti fa dúrọ́ọ̀mù ya, gáàsì tí wọ́n ti sé mọ́ inú rẹ̀ láti bí ọgbọ̀n ọdún á tú jáde. Nítorí náà, wọ́n kọ́ ilé ràgàjì lé ààtàn lórí. Àwọn irin ńlá tó tẹ̀ bí ọrun ló gbé òrùlé rẹ̀ láti ìta. Òpó kankan kò sí nínú, torí abẹ́ òpó kò ní ṣeé hú. Ẹ̀rọ ń fa afẹ́fẹ́ jáde níbẹ̀ ju bó ṣe ń wọlé lọ. Bí ògiri bá wá lu níbìkan, afẹ́fẹ́ ìta ni yóò wọlé. Tinú kò ní jáde. Èyí tí wọ́n fà jáde á gba inú asẹ́ eruku, lẹ́yìn náà èédú àkànṣe tó ń fa gáàsì mọ́ra. Èédú náà máa ń yó. Bí wọn kò bá tètè pààrọ̀ rẹ̀, ṣe ni gáàsì á kàn máa kọjá bíi pé kò sí nǹkan níbẹ̀.

Ìjókòó awakọ̀ katapílà dé pinpin, ó sì ní afẹ́fẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá máa fẹsẹ̀ rìn níbẹ̀ á wọ aṣọ ààbò àti ìbòjú tó ń fún un ní afẹ́fẹ́ mímọ́.

Ohun tí wọ́n bá hú kì í kúrò nílẹ̀ láìjẹ́ pé yàrá àyẹ̀wò ti wò ó. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń falẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni kánjú rẹ̀: ohun méjì tó jókòó jẹ́ẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lè gbiná bí wọ́n bá pàdé nínú àpótí kan. Àwọn ìyẹ̀fun irin kan tilẹ̀ wà, bíi ti magnesium, tó jẹ́ pé omi ni yóò mú iná wọn burú sí i. Iná sọ ní Kölliken lóṣù kẹfà 2008, iṣẹ́ sì dúró fún oṣù mélòó kan. Ní Bonfol, ààtàn kẹ́míkà mìíràn lórílẹ̀-èdè kan náà, nǹkan bú gbàù lóṣù keje 2010. Láti òkèèrè ni wọ́n ti ń darí ẹ̀rọ tó ń hú ilẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn.

Èsì àyẹ̀wò ló ń sọ ibi tí ẹrù kọ̀ọ̀kan máa lọ. Èyí tí kẹ́míkà bíi PCB (kẹ́míkà olóró tí wọ́n ń lò nínú ẹ̀rọ iná mànàmáná láyé àtijọ́) pọ̀ nínú rẹ̀ á lọ sínú iná ààrò tó lé ní 1,100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí iná bá rọlẹ̀, kẹ́míkà náà lè para dà di oró mìíràn. Ilẹ̀ tí epo ti wọ̀ kò nílò tó bẹ́ẹ̀: bí wọ́n bá gbé e gbóná dé bí 400 sí 600, epo á di oru, wọ́n á sì gba oru náà sun. Fífọ ilẹ̀ ló rọrùn lórí owó, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ló gbà á. Oró máa ń lẹ̀ mọ́ èérún tó kéré ju mìlímítà 0.063 lọ. Omi á ya èérún yìí kúrò lára yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́, yanrìn á sì ṣeé lò padà. Tó bá jẹ́ amọ̀ ló pọ̀ jù, kò sí yanrìn tí wọ́n fẹ́ yà; gbogbo rẹ̀ á kàn di ẹrọ̀fọ̀ olóró. Òjé àti àwọn irin bẹ́ẹ̀ kì í jóná tán ní tiwọn, nítorí náà wọ́n máa ń fi sìmẹ́ǹtì dè wọ́n, wọ́n á wá kó wọn lọ sí ààtàn tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ìdènà gidi.

Lóṣù kẹfà 2015 ni ìdọ̀tí olóró tó kẹ́yìn jáde. Nígbà yẹn, wọ́n ti gbẹ́ kọjá ìdọ̀tí dé ara òkúta ìsàlẹ̀, torí oró ti wọ inú òkúta náà. Wọ́n sì ń gbẹ́ ẹ títí àyẹ̀wò fi sọ pé ó tó. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n lè tú ilé ńlá náà, kí wọ́n sì fi ilẹ̀ tó mọ́ dí kòtò. Wọn kò pa ẹ̀rọ ìfami lójú ẹsẹ̀. Omi tó ti bàjẹ́ ṣì wà nínú ihò òkúta, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń jáde.