Gbá A, Má Ha Á: Ohun Tí Búrọ́ọ̀ṣì Gbígbẹ Lè Ṣe Lára

Nínú ọyẹ́ tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan wọlé tọ̀ mí wá ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tọ́jú awọ ara, lágbègbè Tákié níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó kúnlẹ̀ kí mi, kò sì jókòó. Ó fa ọrùn aṣọ rẹ̀ wálẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi wo nǹkan yìí." Orí egungun tó wà lábẹ́ ọrùn rẹ̀, lọ́tùn-ún lósì, ti dúdú bí ìgbà tí wọ́n fi ìdí ìkòkò nù ún. Ojúgun rẹ̀ méjèèjì rí bákan náà.

"Kí lo fi pa á?"

"Mi ò fi nǹkan kan pa á mà. Búrọ́ọ̀ṣì ni mò ń lò."

"Búrọ́ọ̀ṣì wo?"

Ó rẹ́rìn-ín ìtìjú. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọṣọ ni, èyí tí a fi ń ha ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì. Ó ti wo fídíò kan lórí fóònù, níbi tí obìnrin òyìnbó kan ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ nu ara kó tó wẹ̀, tó ń sọ pé gbogbo oró inú ara ló ń bá a jáde. Ọmọ yìí fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe é láràárọ̀. Nínú ọyẹ́!

Kì í ṣe òun nìkan ló ń bi mí léèrè búrọ́ọ̀ṣì yìí. Ohun tí mo sì ń sọ fún gbogbo wọn kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: gbígbá ni wọ́n ń gbá ara bí ẹni ń gbálẹ̀, wọn kì í ha á bí ẹni ń ha ìkòkò.

Awọ tí a ń fojú rí lókè pátápátá, ó ti kú. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ara ti ń ṣe tuntun, tuntun á máa ti ògbólógbòó sókè, títí tí yóò fi dé òkè, tí yóò gbẹ, tí yóò sì rẹ̀ dànù fúnra rẹ̀. Lára ọ̀dọ́, gbogbo rẹ̀ ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Lára àgbà, ó ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọyẹ́ bá dé, òkú awọ yìí á gbẹ táútáú, kò ní tètè rẹ̀ dànù, á máa ṣí pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ bí ìpẹ́ ẹja. Òun ló ń jẹ́ kí ojúgun èèyàn funfun bí ẹni tí wọ́n da láfún lé lórí. (Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ẹ má bá mi jiyàn láfún.) Ìpẹ́ yẹn ni búrọ́ọ̀ṣì ń gbá kúrò. Ara á jọ̀lọ̀, òrí tí ẹ bá sì fi pa á á tàn dáadáa. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, mi ò sì kóyán rẹ̀ kéré.

Àmọ́ oró tí wọ́n ní ó ń lé jáde ńkọ́? Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Òógùn tó ń bọ́ lára wa, omi àti iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí kíndìnrín bá daṣẹ́ sílẹ̀, ọgọ́rùn-ún búrọ́ọ̀ṣì kò lè gbà á ṣe.

Wọ́n tún ń sọ pé ó ń mú omi ara rìn. Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ ọ́ di ńlá. Yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀, omi kan wà tó máa ń sun láàárín ẹran ara, tí àwọn òpó tín-ín-rín ń kó padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ojú ọ̀nà rẹ̀ ni àwọn kókó tó wà ní abíyá àti abẹ́ ìtan jókòó sí. Ìdí nìyẹn tí kókó fi máa ń wú sí abẹ́ ìtan nígbà tí ẹsẹ̀ bá dégbò. Omi yìí kò ní ohun tó dà bí ọkàn tó ń fún ẹ̀jẹ̀ kiri. Bí a bá ń rìn, tí iṣan ẹsẹ̀ ń fún, tí a ń mí, ìyẹn wà lára ohun tó ń tì í lọ. Lóòótọ́, àwọn tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ lè fi ọwọ́ rọra ra apá tàbí ẹsẹ̀ tó wú kí omi náà lè wálẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn fẹ́lẹ́ gan-an, kò jọ ti búrọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ rìn láti ilé dé Ọjà Wàzò ti ṣe fún omi ara rẹ̀ ju ẹni tó jókòó tó ń gbá ojúgun lọ.

Ní ti itan tó rí gbágungbàgun, tí wọ́n ní búrọ́ọ̀ṣì ń mú tẹ́jú, ọ̀rá àti okùn ẹran tó fa awọ mọ́lẹ̀ láti abẹ́ ló ń fà á. Búrọ́ọ̀ṣì kò dé ibẹ̀. Ó lè mú kí awọ wú díẹ̀, kó dà bíi pé ó ti tẹ́jú; títí ọ̀sán, á padà sí bó ṣe wà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an fún àwa aláwọ̀ dúdú, àwọn fídíò yẹn kì í dé e. Awọ wa ní aró nínú. Ẹ fojú inú wo ìkòkò aró tí wọ́n gbé sí abẹ́ òrùlé pẹlẹbẹ: bí ẹ bá rọra gbá orí òrùlé náà, kò sí nǹkan, bí ẹ bá ń lù ú lójoojúmọ́, aró á máa ta sílẹ̀, ibi tó bá ta sí á dúdú. Bẹ́ẹ̀ ni ara ṣe ń ṣe nígbà tí a bá ń ni ín lára: ibi tí irorẹ́ ti wú, ibi tí ẹ̀fọn ti jẹ ni, ibi tí a ti ń ha ni. Ó máa ń pọ̀ níbi tí egungun ti sún mọ́ awọ, bí ojúgun, ìgbọ̀nwọ́, ẹ̀yìn òkè àti abẹ́ ọrùn. Àwọn dókítà ní Japan ti kọ̀wé nípa rẹ̀ lára àwọn tó ń fi aṣọ ìwẹ̀ onínáílọ́ọ̀nù ha ara fún ọdún pípẹ́. Mò ń rí i níbí náà lára àwọn tó fẹ́ràn kànrìnkàn onírọ́bà tó dà bí àwọ̀n, tí wọ́n gbà pé bí kò bá ta wọ́n, wọn ò tíì wẹ̀. Wọ́n á rò pé èérí ni dúdú náà, wọ́n á tún ha á sí i. Nígbà tí kò lọ, wọ́n á ra ìpara abóra. Sìtẹ́rọ́ọ̀dù, oògùn líle kan tó wà nínú òmíràn, á sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Òmíràn ní mákíúrì, irin olóró kan, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́.

Àwọn òyìnbó ní bí ara bá ti pọ́n, kí èèyàn dúró. Ara tiwa kì í tètè fi pípọ́n hàn, nítorí náà ẹ má fojú wọ̀n ọ́n. Bí ara bá ń gbóná lẹ́yìn tí ẹ gbá a, tàbí tí omi àti ọṣẹ bá ń ta yín nígbà tí ẹ bá wẹ̀, ẹ ti ha á jù. Ẹ fi í sílẹ̀ títí títa náà yóò fi lọ pátápátá.

Bí ẹ bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, ẹ wá búrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ rọ̀, tí ẹ lè fi kan ẹ̀yìn ọwọ́ láìmira. Kí ara gbẹ, kí ó jẹ́ kí ẹ tó wẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ lọ sókè, láti ọwọ́ lọ sí èjìká. Níbi egungun, kí ọwọ́ fúyẹ́ sí i. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún ti tó, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ má gbé e dé ojú àti orí ọmú. Lẹ́yìn ìwẹ̀, kí omi má tíì gbẹ tán lára, ẹ fi òrí tàbí àdí àgbọn pa á. Bí ẹ bá fẹ́ mọ èrò mi, ìgbésẹ̀ ìkẹyìn yìí ló ṣe pàtàkì jù. Ẹni tó bá ṣe é nìkan láìní búrọ́ọ̀ṣì kò pàdánù púpọ̀.

Àwọn kan wà tí mi ò ní gbà fún rárá. Ẹni tó ní àléfọ́, làpálàpá, egbò tàbí wọ́nwọ́n, nítorí búrọ́ọ̀ṣì lè mú un burú sí i tàbí kó gbé e káàkiri ara. Ẹni tó ń bóra. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń kú tipiri, tí ó lè bó ara rẹ̀ láìmọ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS kò gbọdọ̀ fi kan ọrùn ẹsẹ̀, torí ìfarapa kékeré níbẹ̀ lè di egbò tí yóò gba oṣù púpọ̀ kó tó jiná. Ọmọ ọwọ́ pẹ̀lú: awọ wọn kò nílò rẹ̀.

Búrọ́ọ̀ṣì ẹnì kan ni ti ẹnì kan, tọkọtaya náà kì í pín in lò. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀lọ́sẹ̀, ẹ sá a sóòrùn, ẹ má fi í sílẹ̀ nínú balùwẹ̀ tútù.

Ìyá tó ń gbé òrí wá fún mi gbọ́ gbogbo àlàyé yìí lọ́jọ́ tí ọmọ náà wá. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé kò sí kànrìnkàn nílé wọn ni?" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Kànrìnkàn ìbílẹ̀ tí omi ti rọ̀, pẹ̀lú ọṣẹ dúdú díẹ̀ àti ọwọ́ tó fúyẹ́, ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé omi ń rọ awọ kí a tó gbá a.

Mo ní kí ọmọ náà dẹ́kun híha, kó máa fi òrí para láàárọ̀ àti lálẹ́, kó sì fi ìpara abóra sílẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá fi lọ̀ ọ́. Ó fẹ́ kó lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Mo sọ fún un pé oṣù ni ká máa kà. Oṣù kẹrin rèé, ti ojúgun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ti abẹ́ ọrùn ṣì kù díẹ̀.