Brain fag

Brain fag lorúkọ tí wọ́n fún àárẹ̀ kan tó máa ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Nàìjíríà, pàápàá tí ìdánwò bá ti ń sún mọ́lé. Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Aró l'Ábẹ́òkúta, ló gbé e jáde fáwọn dókítà lọ́dún 1960.

Bó ṣe ń ṣe èèyàn

Orí ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Kì í sì í ṣe ẹ̀fọ́rí lásán o: ẹni tó ń ṣe á ní orí òun ń gbóná, òmíì á ní nǹkan ń rìn lórí òun bí èèrà, òmíì á ní ńṣe ló dà bíi pé wọ́n fokùn di orí òun pinpin. Tó bá ṣíwèé, ojú á máa ṣe bàìbàì, omi á máa bọ́ lójú ẹ̀, á ka ojú ìwé kan náà lẹ́ẹ̀mẹta kò ní mọ ohun tó kà. Bí ìwé ò ṣe wọlé lẹ̀rù á máa bà á, bẹ́rù bá ṣe ń bà á lorí á máa gbóná sí i, máàkì á sì já wálẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kì í sọ pé ọkàn àwọn ò balẹ̀, orí ni wọ́n máa dárúkọ, bẹ́ẹ̀ Yorùbá kì í fọ̀rọ̀ orí ṣeré, ibẹ̀ ló yẹ kí dókítà tẹ́tí sí dáadáa.

Ohun tó ń fà á

Prince rò pé ìwé òyìnbó, tí oníkálukú ń dá jókòó kà, ò bá ìgbé-ayé alájọṣe mu, ká má tíì sọ ti ẹbí tó dáwó jọ rán ọmọ kan lọ síléèwé, tọ́mọ náà mọ̀ pé tóun bá féèlì, gbogbo ilé ló féèlì. Mórákinyọ̀, dókítà ọpọlọ ọmọ Nàìjíríà, ní tiẹ̀ ní 1980 tọ́ka sí àìsùn àtàwọn nǹkan tí kì í jẹ́ kéèyàn sùn. Ẹni tó bá ti gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì rí mọ̀ ọ́n: obì lẹ́nu, kọfí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹsẹ̀ méjèèjì nínú omi tútù títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo orí fífọ́ ni brain fag o: ibà tàbí ojú tó nílò gíláàsì náà lè fà á.

Orúkọ ẹ̀

DSM, ìwé tí wọ́n fi ń to àìsàn ọpọlọ l'Ámẹ́ríkà, kó o mọ́ àìsàn tó jẹ́ ti àṣà ibì kan nínú ẹ̀dà 1994, àmọ́ ẹ̀dà 2013 ò fún un láyè tiẹ̀ mọ́, ó kàn mẹ́nu bà á ni. Ní 2015, dókítà ọpọlọ kan, Ayọ̀nrìndé, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kọ ọ́ pé ó jọ pé orúkọ náà ti ń kógbá sílé, àti pé àwọn ará Bìrìtìkó gan-an ló ni ín láti sẹ́ńtúrì 19. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ báyìí, stress ló ń jẹ́.