Ọwọ́ Oníṣẹ́ Kẹ̀kẹ́ Ni Bálánsì Ẹsẹ̀ Alùpùpù Ti Wá

Bí a bá béèrè lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe pé níbo ni bálánsì táyà, ìyẹn mímú kí ìwúwo ẹsẹ̀ ọkọ̀ dọ́gba yípo, ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn alámẹ́ńtì tó ń tọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni wọn yóò nawọ́ sí, èyí tí a máa ń so ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́, tí yóò yí i bírí, tí nọ́ńbà yóò sì yọ lójú rẹ̀. Lójú tiwọn, ẹ̀rọ yìí ni bàbá iṣẹ́ náà, ẹni tó bá sì ń fi ọwọ́ ṣe é fún alùpùpù rẹ̀ nínú àgbàlá ilé kàn ń sín ẹ̀rọ jẹ ni. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ló ṣáájú ẹ̀rọ nínú iṣẹ́ yìí, ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ kẹ̀kẹ́ sì ni, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ ńlá kankan.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. A ó tú ẹsẹ̀ kúrò lára alùpùpù, a ó nù ún kí ẹrẹ̀ má ṣe kù sára rẹ̀, a ó ti ọ̀pá irin kan tó tọ́ tó sì ń dán bọ àárín bérìn rẹ̀, ìyẹn irin àárín tó ń jẹ́ kí ó yí geere, a ó wá gbé orí ọ̀pá náà méjèèjì lé àga méjì tàbí búlọ́ọ̀kù méjì tí gíga wọn dọ́gba. A ó rọra tì í kí ó yí, a ó sì fi í sílẹ̀ títí yóò fi dúró fúnra rẹ̀. Ibi tó wúwo jù lára rẹ̀ ni yóò wá sí ìsàlẹ̀. A ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí òkè, ní ọ̀kánkán ibẹ̀, a ó sì so ìwọ̀n mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, gíráàmù 5, lẹ́yìn náà 10, títí a ó fi rí i pé ibi yòówù tí a bá yí àmì náà sí, ibẹ̀ ni yóò dúró sí. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í dán an wò lókè àti nísàlẹ̀ nìkan. Yóò yí àmì náà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, yóò tún yí i sí ẹ̀gbẹ́ òsì, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ni ìwọ̀n tí kò tó ti máa ń jẹ́wọ́ ara rẹ̀.

Ìmọ̀ tó wà lábẹ́ iṣẹ́ yìí dàgbà ju táyà lọ, ó dàgbà ju ìwé pàápàá lọ. Lójú tèmi, àwọn obìnrin ló kọ́kọ́ ní in, nídìí òwú rírán. Kẹ̀kẹ́ tí àwọn ìyá àgbà wa fi ń ran òwú kò ju igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ, tí a ki amọ̀ sísun roboto bọ̀ nídìí. Amọ̀ yìí ni kì í jẹ́ kí ó dúró kíá lẹ́yìn tí ọwọ́ bá ti ta á. Bí ihò àárín amọ̀ náà bá yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kẹ̀kẹ́ yóò máa gbọ̀n, òwú yóò nípọn níbì kan, yóò tẹ́ẹ́rẹ́ níbòmíràn, kò sì ní pẹ́ já. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú irú amọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Kò ṣòro láti fojú inú wo ìyá kan tó jókòó ti amọ̀kòkò, tó ń fi ìka yí ọ̀kọ̀ọ̀kan wò kí ó tó sanwó, tó sì ń dá èyí tó ń mì padà. Bóyá ó tilẹ̀ máa ń fi òkúta ha ẹ̀gbẹ́ tó bá wúwo jù. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, bálánsì ló ṣe, ìbáà má ní orúkọ tó ń pè é. Ọmọdé tó ń ta òkòtó pàápàá mọ̀ pé èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò dọ́gba kì í pẹ́ ṣubú, mo sì fura pé láti ibi irú eré bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìmọ̀ tí a kà sí ti àwọn ẹnjiníà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó ń kọ ìtàn ẹ̀rọ ní Yúróòpù kì í dárúkọ àwọn obìnrin wọ̀nyí. Ọlọ ńlá tí omi tàbí afẹ́fẹ́ ń yí ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, n kò sì ní bá wọn jà lórí èyí, nítorí pé ọlọ náà jẹ́rìí fún tèmi. Òkúta méjì ló wà nínú irú ọlọ bẹ́ẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ dúró gbọin, ti òkè ni ń yí, orí irin kan ṣoṣo láàárín ni a sì gbé e lé, tí àlàfo tó wà láàárín àwọn méjèèjì fi kéré púpọ̀. Bí apá kan òkúta òkè bá wúwo ju apá kejì lọ, yóò fì sí ẹ̀gbẹ́ náà, yóò máa ha òkúta ìsàlẹ̀, ìyẹ̀fun yóò sì kún fún yanrìn. Ohun tí àwọn tó ń tọ́jú ọlọ wá ń ṣe ni pé wọ́n ń gbẹ́ ihò sí orí òkúta òkè ní apá tó fúyẹ́, wọ́n ń yọ́ òjé, wọ́n sì ń dà á sínú ihò náà títí òkúta yóò fi dọ́gba. Kí ẹ fọkàn sí òjé yìí, nítorí pé òun náà ni a óò tún bá pàdé lára ẹsẹ̀ alùpùpù. Kò sí ẹ̀rọ kankan tó kọ́ wọn ní èyí. Wọ́n gbé òkúta lé irin, wọ́n wo ibi tó fì sí, wọ́n sì fi ohun tó wúwo sí òdìkejì, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe é lórí àga méjì lónìí.

Nígbà tó fi di ọdún 1840 sókè, àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ojú irin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ti ń fi irin tó wúwo sí ẹ̀gbẹ́ kan ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà, kí ó má baà máa lu ojú irin bó bá ń sáré. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ni ìyẹn, kò kan ará ilé.

Táyà tí a ń fún ní afẹ́fẹ́ ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé àgbàlá wa. Robert William Thomson, ará Skọ́tíláǹdì, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú táyà bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1845, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ẹṣin ló wà nígbà náà, ohun tó ṣe sì di ìgbàgbé. Ní ọdún 1887 ni John Boyd Dunlop, dókítà ẹranko ní ìlú Belfast, ṣe tirẹ̀ fún kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ọmọ rẹ̀ ń gùn, ó sì gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní ọdún 1888. Pẹ̀lú táyà yìí ni fáàfù wọlé, irin kékeré tí a ń gba ẹnu rẹ̀ fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú túùbù. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni fáàfù máa ń wà, kò sì sí ohun kankan ní ọ̀kánkán rẹ̀ tó lè bá a dọ́gba. Láti ọjọ́ náà lọ, ríìmù ìbáà rí roboto, sípóòkù ìbáà fún dáadáa, ẹsẹ̀ ti ní ibi tó wúwo.

Ẹnikẹ́ni tó bá dàgbà sítòsí ṣọ́ọ̀bù oníṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá ti fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí mò ń wí. Oníṣẹ́ kẹ̀kẹ́ yóò yí kẹ̀kẹ́ Raleigh dorí kodò, kí ó fi ìjókòó àti ọwọ́ rẹ̀ dúró. Yóò ta ẹsẹ̀ iwájú, yóò fi ìka kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ríìmù láti mọ ibi tó ti yẹ̀, yóò sì máa fún sípóòkù tàbí kí ó máa dẹ̀ ẹ́. Sípóòkù 32 ló wà níwájú, 40 lẹ́yìn, lára àwọn kẹ̀kẹ́ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, nítorí náà iṣẹ́ náà kì í yá. Ní gbogbo ìgbà tí ó bá jọ̀wọ́ ẹsẹ̀ náà, tí bérìn rẹ̀ bá sì dára, ẹsẹ̀ yóò yí lọ, yóò yí padà díẹ̀, yóò sì dúró pẹ̀lú fáàfù nísàlẹ̀. Ẹni tó ń rí èyí láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ọdún lé ọdún, ṣé a óò wá sọ pé ó di dandan kí ẹ̀rọ kan wá láti ibì kan kí ó tó mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ fáàfù wúwo? Àwọn oníṣẹ́ kẹ̀kẹ́ tiwa mọ̀ ọ́n, ti Coventry àti Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sì mọ̀ ọ́n.

Àwọn oníṣẹ́ kẹ̀kẹ́ yìí kan náà ló sì ṣe alùpùpù. Triumph ti ń ṣe kẹ̀kẹ́ ní Coventry kí ó tó gbé alùpùpù rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1902. Norton bẹ̀rẹ̀ ní Birmingham ní ọdún 1898, ohun èlò ara kẹ̀kẹ́ ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń tà. BSA náà ti ṣe kẹ̀kẹ́ kí wọ́n tó ṣe alùpùpù, Raleigh tí a mọ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́ pàápàá ṣe alùpùpù rí. Ẹsẹ̀ oní-sípóòkù, ríìmù, túùbù, fáàfù, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kó láti orí tábìlì kan sí èkejì nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, bí a sì ti ń tọ́ ẹsẹ̀ náà bá wọn lọ. Àwọn ará Jámánì lè rán wa létí pé Hildebrand àti Wolfmüller ti ń ta alùpùpù oní-táyà-afẹ́fẹ́ ní Munich ní ọdún 1894, àti pé Daimler ti ṣe tirẹ̀ ní ọdún 1885. Ẹsẹ̀ igi ni ti Daimler ní, kò sì sí bálánsì kankan tí a fẹ́ kọ́ lára rẹ̀.

Ní ti ẹ̀rọ tí àwọn kan ń gbé gẹ̀gẹ̀, a mọ̀ pé Henry Martinson, ará Kánádà, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú rẹ̀ ní ọdún 1870, a sì mọ̀ pé Franz Lawaczeck mú tirẹ̀ wá ní ọdún 1907, tí ilé iṣẹ́ Carl Schenck ní Darmstadt sì gbé e jáde. Àwọn ẹ̀rọ gìrìwò ni wọ́n ń ronú nípa rẹ̀. Ẹni tó ní alùpùpù kan lẹ́yìn ilé kò sí lọ́kàn wọn rárá.

Ohun tó sọ bálánsì di dandan ni eré. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe TT, ìdíje eré alùpùpù, ní erékùṣù Man ní ọdún 1907, Charlie Collier gun alùpùpù Matchless, eré tó sì fi gbégbá orókè jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 61 ní wákàtí kan. Ní ọdún 1957, Bob McIntyre gun alùpùpù Gilera yípo ojú ọ̀nà ìdíje TT ìgbà tirẹ̀ lórí eré tó ju kìlómítà 160 lọ ní wákàtí kan. Eré kì í fi kún agbára tí ìwọ̀n ẹ̀gbẹ́ kan fi ń fa ẹsẹ̀ lọ́nà tó dọ́gba. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ìfà náà yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Gíráàmù 20 péré lára ríìmù oní-íǹṣì 17, lórí eré kìlómítà 50, ń fa ẹsẹ̀ bí ìgbà tí a bá fi nǹkan bí kílò 1 kọ́ ọ. Lórí kìlómítà 100, ìfà yẹn ti di nǹkan bí kílò 4, ó sì ń yí ojú padà ní nǹkan bí ìgbà 15 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí ọwọ́ alùpùpù máa gbọ̀n lọ́wọ́ ẹni tó ń gùn ún, tí táyà á sì jẹ ní ààyè-ààyè.

Àwọn tó ń díje tún fi ìṣòro mìíràn kún un. Kí táyà má baà yọ̀ lórí ríìmù, wọ́n ń fi bóòtù kan tó ń di etí táyà mú sínú ríìmù. Bóòtù yìí wúwo ju fáàfù lọ dáadáa, ó sì di pé kí wọ́n wá ohun tí yóò bá a dọ́gba. Àwọn kan fi bóòtù kejì sí òdìkejì. Àwọn tí wọn kò ní èkejì mú wáyà òjé, irú èyí tí àwọn tó ń jó wáyà rédíò ń lò, wọ́n wé e mọ́ ìdí sípóòkù, wọ́n sì fi ẹ̀mú fún un pọ̀. Ẹ ti rí i báyìí pé òjé orí ọlọ ló tún padà wá. Nígbà tó yá, àwọn ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí ta òjé tí a ti gbẹ́ ihò sí, tí a kàn máa ń rọ̀ mọ́ sípóòkù, àwọn tó ń ṣe táyà sì ń fi ọ̀dà tó àmì sí ibi tó fúyẹ́ jù lára táyà, kí a lè kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ fáàfù. Àmì yìí, tó sábà máa ń jẹ́ àwọ̀ yẹ́lò, ń dín ìwọ̀n tí a óò fi kún un kù. Kì í sọ pé kí a má ṣe yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìyókù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, ríìmù irin àdàpọ̀ tí kò ní sípóòkù wọlé, ìwọ̀n sì di èyí tí a ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Ní ọdún 2005, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi òfin lé òjé kúrò lára ẹsẹ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun, Kalifóníà ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2010, irin àti síǹkì sì gba ipò rẹ̀. Àwọn kan ń da ìlẹ̀kẹ̀ wínníwínní sínú táyà pé kí ó máa wá ibi tó yẹ fúnra rẹ̀, n kò sì rí ìdí tí ẹni tó ní àga méjì yóò fi ra ìyẹn.

Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn tó ń fi ọ̀kadà gbé èrò láàárín ìlú kì í sábà yọ ara wọn lẹ́nu nípa bálánsì, eré wọn kò sì béèrè rẹ̀ púpọ̀. Àwọn tó ń gun power bike láti Èkó lọ sí Ìbàdàn ló ń ṣe é, àti àwọn fọkanáísà díẹ̀ tó mọyì rẹ̀. Michelin ti kúrò ní Port Harcourt ní ọdún 2007, Dunlop sì dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà ní ọdún 2008, èyí tó jẹ́ kí a máa ra táyà láti òkèèrè, tuntun àti tókúńbọ̀. Lára tókúńbọ̀, àmì ọ̀dà náà ti máa ń parẹ́. Ẹni tó bá ra irú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ gbé ríìmù nìkan lé ọ̀pá kí ó lè mọ ibi tó wúwo lára rẹ̀, kí ó tó wọ táyà sí i, yóò sì tún gbé e lé e lẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn tó bá ti fẹ́ ẹ, nítorí pé táyà tó ti jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan lè wúwo níbi tí fáàfù kò sí rárá.