Sẹ́ńsọ̀ nọ́ọ̀kì

Sẹ́ńsọ̀ nọ́ọ̀kì (knock sensor) jẹ́ ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ bulọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbọ́ ọ bí àdàlù epo àti afẹ́fẹ́ bá gbiná fúnra rẹ̀ nínú sílíńdà kí iná púlọ́ọ̀gì tó kàn án. Kírísítàlì (crystal) inú rẹ̀ máa ń mú iná mànàmáná tín-ínrín jáde bí ẹ́ńjìnnì bá gbọ̀n. Brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀, á ka iná yìí, á sì fi àkókò tí púlọ́ọ̀gì ń tan sẹ́yìn díẹ̀ títí ìró gbígbiná fúnra rẹ̀ yìí yóò fi lọ.

Ní Òṣogbo, bí i ní ìlú Yorùbá mìíràn, bí awakọ̀ bá ní ẹ́ńjìnnì òun "ti nọ́ọ̀kì", ohun tó ń sọ ni pé ó ti bàjẹ́ pátápátá. Ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ẹni tí wọ́n bá ka kóòdù P0325 (àmì àléébù tí brain box ń kọ sílẹ̀) fún kò tíì nídìí láti máa wá ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀: ohun tí kóòdù náà ń sọ ni pé ojú ọ̀nà iná sẹ́ńsọ̀ náà kò dára. P0327 ń tọ́ka sí iná tó kéré jù, P0328 sí èyí tó pọ̀ jù, P0330 sì jẹ́ ti sẹ́ńsọ̀ kejì.

Bí sẹ́ńsọ̀ náà tàbí wáyà rẹ̀ bá bàjẹ́, iná check engine á tàn, ọkọ̀ kò ní lágbára lórí òkè, á sì máa jẹ epo. Lára ẹ́ńjìnnì 1MZ-FE onísílíńdà mẹ́fà tó wà nínú àwọn Camry, Sienna àti Lexus RX 300 kan, gíà lè kọ̀ láti wọ ẹlẹ́ẹ̀kẹrin. Ibí yìí ni wọ́n ti máa ń tú gíà tí kò ṣẹ̀.

Ríwáyà, ìyẹn oníṣẹ́ iná ọkọ̀, ló yẹ kó kọ́kọ́ rí ọkọ̀ náà. Kó wo ìdí sọ́kẹ́ẹ̀tì bóyá ó ti dípẹtà, kó sì wo wáyà bóyá eku ti jẹ ẹ́. Wọ́n máa ń fi àwọ̀n irin bo wáyà yìí kí ariwo iná kọ́ìlì má bàa wọ inú rẹ̀. Bí wọ́n bá fi wáyà lásán so ó pọ̀, kóòdù á padà wá. Fún ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ Toyota pẹlẹbẹ oníwáyà méjì, míta yẹ kó ka 120 sí 280 kΩ bí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Bí wọ́n bá yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n sì ṣí kọ́kọ́rọ́ láì tan ẹ́ńjìnnì, fóltì 4.5 sí 5.5 ló yẹ kó wà lẹ́nu wáyà. Ti àtijọ́ oníwáyà kan kò rí bẹ́ẹ̀: tirẹ̀ ti bàjẹ́ bí iná bá ń gba ẹnu rẹ̀ kọjá sí ara irin.

Abẹ́ manifold, ìyẹn páìpù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, ni sẹ́ńsọ̀ méjèèjì 1MZ-FE wà, nínú ooru tó ń gbẹ wáyà kékeré ibẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣí i, kó pààrọ̀ méjèèjì àti wáyà náà lẹ́ẹ̀kan. Ojú irin gbọ́dọ̀ mọ́, láìsí ọ̀dà tàbí ìpẹtà. Nǹkan bí 20 Nm ni wọ́n ń fún bóòtù sẹ́ńsọ̀ pẹlẹbẹ. Àfúnjù àti àìfúntó ń ba ìgbọ́ràn rẹ̀ jẹ́.

Àwọn kan máa ń fi resistor, ẹ̀yà kékeré tó ń dín iná kù, rọ́pò sẹ́ńsọ̀ láti tan brain box jẹ. Iná check engine á kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì náà ti di adití.