Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ tó ní ìpèníjà nínú kíláàsì kan náà pẹ̀lú àwọn yòókù

Kéèyàn kó ọmọ tó ní ìpèníjà àtàwọn yòókù sínú kíláàsì kan, kó fún un ní àga, kó wá fi í sílẹ̀ kó máa wo ẹnu tíṣà, ìyẹn kọ́ là ń pè ní ìkẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ o. Lọ́dún 1994, àwọn aṣojú ìjọba 92 pàdé nílùú Salamanca ní Sípéènì, wọ́n fẹnu kò pé ilé ìwé tí gbogbo ọmọ ń lọ ló yẹ káwọn ọmọ yìí náà máa lọ, pé ilé ìwé ọ̀hún ló sì gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà ìkọ́ni tó bá wọn mu. Gbólóhùn kejì yẹn lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò dá, bẹ́ẹ̀ inú ẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà.

Tíṣà á kọ́kọ́ wá ibi tí iṣẹ́ ti ń há ọmọ ná. Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ tí kì í lè da ohun tó wà lójú bọ́ọ̀dù kọ tán. Ó lè jẹ́ pé ojú ẹ̀ ò ríran débẹ̀, ó lè jẹ́ pé ọwọ́ ló tètè ń ro ó tó bá di pẹ́ńsùlù mú, ó sì lè jẹ́ pé kójú ẹ̀ tó kúrò lára bọ́ọ̀dù dé inú ìwé, ohun tó kà ti fò lọ lórí ẹ̀. Ìwé tí ò parí kan náà lèèyàn á rí lọ́wọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmọ́ ti ẹni àkọ́kọ́, kó wá síwájú kí lẹ́tà sì tóbi, ti ẹnì kejì, kí wọ́n tẹ nóòtì fún un kó kàn máa kọ ọ̀rọ̀ sí àlàfo inú ẹ̀, ti ẹnì kẹta, kí wọ́n gbé ohun tó fẹ́ dà kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ẹ̀ lórí tábìlì. Tíṣà tó bá ti sọ pé "ọ̀lẹ ni" ti pa wíwá ìdí yìí tì, ó sì máa ń dùn mí, torí ọmọ náà á gbà pé ọ̀lẹ lòun lóòótọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan gígé iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́. Ọ̀nà kan wà tó dáa gan-an, ẹ̀yìn ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ká ní lẹ́tà mẹ́rin lorúkọ ọmọ, tíṣà á kọ mẹ́ta àkọ́kọ́, á fi èyí tó kẹ́yìn sílẹ̀ fún un. Tíyẹn bá ti mọ́ ọn lọ́wọ́, tíṣà á kọ méjì, ọmọ á kọ méjì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ọwọ́ tíṣà á fi kúrò níbẹ̀. Tó bá jẹ́ iwájú ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ọmọ á kọ lẹ́tà kan, á sú u, ẹlòmíì á bá a parí ẹ̀, àmọ́ tó bá jẹ́ látẹ̀yìn, òun ló ń parí iṣẹ́ ní gbogbo ìgbà, ojoojúmọ́ ló ń rí orúkọ ẹ̀ tó pé tó sì jẹ́ pé òun ló fi ọwọ́ kan kẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn láti so okùn bàtà náà nìyẹn.

Ìrànlọ́wọ́ ọ̀hún dà bí ìgbà téèyàn ń kọ́ ọmọ ní tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n kọ́kọ́ ń dì mú, ó di ọwọ́ kan, ó di ìka, ni wọ́n bá fi í sílẹ̀. Níbi tí olùrànlọ́wọ́ tíṣà bá ti jókòó ti ọmọ kan ṣoṣo láti àárọ̀ títí wọ́n fi jáde, kì í pẹ́ tí tíṣà fúnra ẹ̀ ò fi ní bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ mọ́, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ náà ò sì ní sún mọ́ ọn. Ó sàn kí olùrànlọ́wọ́ máa yí kíláàsì ká, kó máa yà sọ́dọ̀ ẹ̀.

Dídákẹ́ náà wà níbẹ̀. Láwọn ọdún 1970 sókè, Mary Budd Rowe, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń ṣèwádìí nípa ìkọ́ni, ṣàyẹ̀wò ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí tíṣà bá ti béèrè ọ̀rọ̀, ó rí i pé ọ̀pọ̀ ò lè dúró ju nǹkan bíi sẹ́kọ́ǹdù 1 lọ, àmọ́ tí wọ́n bá dúró dé 3, ìdáhùn máa ń gùn sí i, àwọn tí kì í sábà sọ̀rọ̀ náà á sì máa sọ̀rọ̀. Fún ọmọ tí ọ̀rọ̀ kì í tètè yé, kí tíṣà kọ́kọ́ dárúkọ ẹ̀, kó béèrè, kó wá pa ẹnu mọ́. Kó má yára tún ìbéèrè ọ̀hún gbé gba ibòmíì, torí ìbéèrè tuntun nìyẹn máa jẹ́ létí ẹni tó ṣì ń tú ti àkọ́kọ́.

Ti ọmọ tí etí ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn ò le, kí tíṣà má máa sọ̀rọ̀ sí bọ́ọ̀dù, kó kọjú sí wọn. Fún ọmọ tó ní ọ́tísíìmù, ìyẹn ọmọ tí ọpọlọ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀, tí ìyípadà òjijì sì sábà máa ń dà láàmú, àwòrán ohun tí wọ́n máa ṣe lọ́jọ́ náà máa ń wà lára ògiri, bí nǹkan kan bá sì máa yí padà, kí wọ́n ti fi hàn án ṣáájú.

Tó bá wá di ìdánwò, ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ló ń sọ ohun tí wọ́n lè yí. Tó bá jẹ́ bí ewé ṣe ń ṣe oúnjẹ fúnra ẹ̀ ni, ọmọ tí ìwé kíkọ ń dà láàmú lè fẹnu sọ ọ́, ó lè yàwòrán kó fi ọfà tọ́ka oòrùn, omi àti afẹ́fẹ́, máàkì tó pé ló sì yẹ kí wọ́n fún un. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé bóyá ó lè kàwé ni wọ́n ń wò, tí ẹnì kan wá bá a ka ìwé náà, wọn ò tíì dán an wò rárá.