Bí a ṣe ń mọ iye tó yẹ kí etí òrùlé fi yọ kọjá ògiri

Ọ̀pọ̀ kápẹ́ńtà máa ń yọ etí òrùlé síta ní iye kan náà yí ilé ká, láì wo ibi tí ilé kọjú sí. Bẹ́ẹ̀ oòrùn àti òjò kì í lu ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bákan náà.

Ẹ jẹ́ ká mú Ìbàdàn, tó wà ní nǹkan bíi dígírì 7.4 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Láti ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹrin títí di ìparí oṣù kẹjọ, apá àríwá ni oòrùn ọ̀sán ń gbà kọjá. Ní ìyókù ọdún, gúúsù ni. Ìparí oṣù Kejìlá ló ń rẹlẹ̀ jù: bó bá tiẹ̀ wà ní kàtàrí, ìyẹn ìgbà tó ga jù lójúmọ́, kò ga ju dígírì 59 lọ. (Kàtàrí Ìbàdàn nígbà náà kì í ṣe aago méjìlá, aago kan ku bí ogún ìṣẹ́jú ni.)

Wọn gíga láti ìsàlẹ̀ fèrèsé dé ìsàlẹ̀ pákó fáṣíà (pákó tí wọ́n kàn mọ́ etí òrùlé), kì í ṣe dé síílìnì. Ká ní ó jẹ́ mítà 1.5. Ní ògiri tó kọjú sí gúúsù, fi 0.6 sọ ọ́ di púpọ̀: sẹ̀ǹtímítà 90. Ìyẹn ń bo fèrèsé nígbà kàtàrí nìkan. Bí a bá fẹ́ òjìji láti wákàtí méjì ṣáájú kàtàrí títí di wákàtí méjì lẹ́yìn rẹ̀, 0.67 la ó lò, ó di mítà 1. Ní àríwá, 0.35 ti tó: bíi sẹ̀ǹtímítà 52.

Ìwọ̀-oòrùn ló le jù. Ní oṣù kẹta, tí kàtàrí bá ti kọjá ní wákàtí mẹ́rin, oòrùn ti sọ̀ dé dígírì 30. Fèrèsé kan náà á wá nílò etí òrùlé mítà 2.6! Fàràǹdá tó ní òpó nìkan ló lè gbé ìyẹn. Ó sàn kí fèrèsé apá ibẹ̀ kéré, kí ilé ìdáná àti balùwẹ̀ sì wà níbẹ̀ dípò yàrá ibùsùn.

Ní ti òjò, ìjì ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí àsìkò òjò sábà máa ń ti ìlà-oòrùn wá. Bí atẹ́gùn bá gbé òjò dání ní dígírì 45, etí òrùlé sẹ̀ǹtímítà 60 á dáàbò bo sẹ̀ǹtímítà 60 péré lókè ògiri. Omi tó ń kán sílẹ̀ náà ń ta ẹrẹ̀ sí ìdí ògiri, ó sì ń jẹ ògiri amọ̀ díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, kọnkéré ìdí ilé gbọ́dọ̀ gùn kọjá ibi tí omi ń kán sí, ó kéré tán ní sẹ̀ǹtímítà 30.

Ẹ má wá yọ ọ́ láṣejù o. Abẹ́ etí gígùn ni ìjì ń gbà wọlé láti ká òrùlé. Bí igi òrùlé bá yọ mítà 1 síta, ó kéré tán mítà 2 rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú, láti orí ògiri dé ibi tí wọ́n tún ti gbé e ró. Ìṣó nìkan kò tó. Ìjì á fà á yọ. Irin pẹlẹbẹ ni kó di igi náà mọ́ igi orí ògiri, kí irin tí wọ́n rì sínú kọnkéré sì di igi orí ògiri mú. Páànù gbọ́dọ̀ yọ bíi sẹ̀ǹtímítà 5 kọjá fáṣíà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, omi á yípo padà sábẹ́ rẹ̀, fáṣíà á sì jẹrà.